Kúbùsù kroṣé mi ń fún sí i bó ṣe ń gùn: ṣé kí n tú u ni?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí ìkọ́. Oṣù kejì rèé tí mo ti ń kọ́ kroṣé, iṣẹ́ fífi ìkọ́ kan ṣoṣo hun òwú. Mo bẹ̀rẹ̀ kúbùsù ọmọ kan: ojú 120 (kókó kọ̀ọ̀kan tí ìkọ́ bá ta ni ojú) ni ìlà kìíní, dọ́bù, irú ojú tó ga, ni gbogbo rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè, ṣéènì mẹ́ta (àwọn ojú kéékèèké tó so mọ́ra bí ẹ̀wọ̀n) ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, kò sí iṣẹ́ ọnà kankan nínú rẹ̀. Mo ti dé ìlà 34. Àná ni mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, ni mo bá rí i pé òkè rẹ̀ kò fẹ̀ tó ìsàlẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń wọnú.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tú u. Ọ̀rẹ́ mi ní ta ló máa fi rúlà wọn kúbùsù ọmọ jòjòló, pé kí n máa bá a lọ. Ká sọ òótọ́, àwọn tó máa ń yára sọ pé "tú u" ń bí mi nínú, torí kì í ṣe ọwọ́ wọn ló ṣe é. Ìdì òwú márùn-ún ló ti wọ inú rẹ̀. Ṣé dandan ni kí n tú u?

* * *

Èsì 1

Ẹ má tíì tú u. Ẹ má sì tíì bá a lọ. Ẹ kà á ná.

Ẹ ka iye ojú tó wà nínú ìlà 34, kí ẹ sì sọ fún wa. Tí mo bá ní kí n sọ tẹ́lẹ̀, màá ní 87 ni, tàbí ohun tó sún mọ́ ọn. Ohun tó jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń wọnú. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni, a ò bá máa wá nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń pàdánù ojú kan níparí gbogbo ìlà, ti ìlà yìí á bọ́ sọ́wọ́ òsì, ti èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, torí a ń yí iṣẹ́ padà. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á wá máa wọlé pọ̀. Láti ìlà kejì títí dé ìlà 34 jẹ́ ìlà 33. 120, ẹ yọ 33, ó ku 87.

Ibi tí ojú náà ń sá lọ kò pamọ́. Bí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìlà dọ́bù, a máa ń ṣe ṣéènì mẹ́ta, a ó sì ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú kan. Nígbà tí a bá dé ìparí ìlà tó tẹ̀ lé e, orí ṣéènì yẹn ló yẹ kí ojú tó kẹ́yìn wọ̀. Ṣùgbọ́n kò jọ ojú yòókù. Ó tín-ín-rín, ó máa ń tẹ̀ sẹ́yìn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ á rò pé etí aṣọ lásán ni. Ẹ ti fò ó nìyẹn.

* * *

Èsì 2

Mo rí i pé ọ̀pọ̀ ti dá sí i, èrò tó sì pọ̀ jù ni ti ọ̀rẹ́ olùbéèrè wa: kò sẹ́ni tó máa rí i, iṣẹ́ ọwọ́ ni, iṣẹ́ ọwọ́ kì í gún bí ti ẹ̀rọ. Mo gbà pé ìfẹ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn. Àmọ́ ó ń da àṣìṣe oríṣi méjì pọ̀, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Ọ̀kan ni àṣìṣe ìrísí. Ẹ ti ìkọ́ bọ okùn kan dípò méjì. Ojú kan dẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ ṣe síńgù kan, ojú tó kúrú ju dọ́bù lọ, síbi tó yẹ kí dọ́bù wà. Ibi tó wà náà ló máa wà. Kò ní bímọ. Irú ìyẹn, mo máa ń fi í sílẹ̀, ọkàn mi kì í sì í dá mi lẹ́bi.

Èkejì ni àṣìṣe iye. Ojú kan tó bọ́ lónìí, orí ẹ̀ ni ìlà ọ̀la máa jókòó lé. Ó ń dàgbà bí iṣẹ́ ṣe ń dàgbà. Èyí ni mo ń sọ pé ká tú, ká sì tètè tú u. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ló kọ́ mi. Mo ṣe kúbùsù kan fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i ní nǹkan bí ìlà kejìlá pé iye ti yàtọ̀. Mo sọ fún ara mi pé etí tí mo máa ṣe yí i ká á bò ó mọ́lẹ̀. Mo bá a dé òpin. Nígbà tí mo ṣe etí yẹn tán, kò bo nǹkan kan, ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn fi tìróò lé ibi tó wọ́, kí gbogbo ayé lè rí i dáadáa. Inú ìyá ọmọ dùn sí i, ó sì ń lò ó. Èmi ni mi ò lè wò ó kí ojú mi má lọ síbẹ̀.

* * *

Èsì 3

Sí ẹni tó ní kí olùbéèrè wa kàn tú ẹ̀gbẹ́ nìkan, kí ó tún un ṣe, kí ó fi àárín sílẹ̀: ìmọ̀ nítìn lẹ ń lò, mo sì mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Nínú nítìn, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ méjì hun, gbogbo ojú ìlà kan ló ń dúró lórí abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lè jẹ́ kí ojú kan ṣoṣo já sílẹ̀ wá dé ibi àṣìṣe, kí ẹ fi ìkọ́ gùn ún padà bí àkàbà, ojú ẹgbẹ́ rẹ̀ ò ní mọ̀.

Kroṣé kò rí bẹ́ẹ̀. Lúùpù kan péré, ìyẹn òwú tó ká yí ìkọ́, ló sábà máa ń wà láàyè lórí ìkọ́ wa. Gbogbo èyí tó ti kọjá ti di pa, èkejì ti dè é mọ́lẹ̀. Àǹfààní ńlá nìyẹn lọ́jọ́ tí ìkọ́ bá já bọ́ lọ́wọ́ wa, torí lúùpù kan náà la máa wá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àṣìṣe bá wà nísàlẹ̀, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Bí a ṣe wá náà la máa padà, láti ojú tó kẹ́yìn títí dé ibẹ̀.

* * *

Èsì 4

Olùbéèrè wa ti kà á. 91 ló wà ní ìlà 34. Ẹ ṣeun, 87 tí mo sọ tẹ́lẹ̀ kò bá a mu pátápátá, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ yẹn gan-an sọ nǹkan fún wa. Ojú 29 ló sọnù nínú ìlà 33, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ rí orí ṣéènì yẹn láìmọ̀. Ọwọ́ yín ti mọ ibẹ̀. Ojú yín ni kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ẹ ka ìlà kejì, ìkẹta, ìkẹrin. Ẹ wá èyí tó kẹ́yìn tó ṣì jẹ́ 120.

* * *

Èsì 5

Ìjà ṣéènì mẹ́ta ti dé, mo sì ti ń retí rẹ̀.

Àwọn kan ní kí ó má ka ṣéènì sí ojú rárá: kí ó ṣe ṣéènì méjì, kí ó fi gbéra nìkan, kí ó wá ṣe dọ́bù gidi sínú ojú àkọ́kọ́ gan-an. Àwọn mìíràn ní ṣéènì mẹ́ta ni ìlànà, ẹni tí kò bá lò ó kò mọṣẹ́. Ẹgbẹ́ kẹta kórìíra ihò tí ṣéènì mẹ́ta máa ń fi sílẹ̀ létí, wọ́n sì ń ṣe síńgù kan, wọ́n á tún ṣe síńgù mìíràn sára rẹ̀ kó lè ga tó dọ́bù.

Mo ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló ń fún mi ní etí tó dára jù. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó burú nínú wọn. Ohun tó burú ni pípa wọ́n pọ̀: kí èèyàn ka ṣéènì sí ojú níbẹ̀rẹ̀ ìlà, kó wá gbàgbé rẹ̀ níparí, tàbí kó má kà á, síbẹ̀ kó tún ṣiṣẹ́ sórí rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ kí aṣọ fún, ti èkejì máa ń jẹ́ kó fẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ má sì yí i padà títí kúbùsù yẹn fi máa parí.

Nígbà tí mo ti mẹ́nu kan dọ́bù, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí ẹnì kan nínú yín ti ń bi ẹlòmíràn pé irú dọ́bù wo. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní síńgù ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní dọ́bù. Dọ́bù ti Amẹ́ríkà ni trẹ́bù lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ kan náà, ojú ọ̀tọ̀, gíga ọ̀tọ̀. Mo ti rí ẹni tó ṣe odidi ìborùn tó le gbagidi torí èyí. Ọ̀nà tí mo fi ń dá wọn mọ̀ ni pé kò sí síńgù nínú ètò ti Gẹ̀ẹ́sì rárá. Bí àwòṣe yín, ìwé ìtọ́ni tí ẹ ń tẹ̀ lé, bá dárúkọ síńgù níbikíbi, ti Amẹ́ríkà ni. Olùbéèrè wa, ti Amẹ́ríkà lẹ ń lò, mo mọ̀ ọ́n láti ara ṣéènì mẹ́ta yín.

* * *

Èsì 6

Ẹnì kan ní iṣẹ́ tòun kì í fún. Fìlà lòun ń ṣe, ó sì ń ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ewé létí. Ó yà kúrò lórí ọ̀rọ̀ kúbùsù díẹ̀, àmọ́ àìsàn iye kan náà ni.

Àyíká tó bá máa tẹ́ pẹrẹsẹ pẹ̀lú síńgù máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú 6, a ó sì máa fi 6 kún un ní gbogbo yíyípo: 6, 12, 18, 24, 30. Ti dọ́bù máa ń jẹ́ 12, a ó sì máa fi 12 kún un. Bí ohun tí ẹ ń fi kún un bá kéré jù, á tẹ̀ bí igbá. Bó bá pọ̀ jù, á ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo fura pé nígbà tí ẹ dé yíyípo kẹta, tí àwòṣe ní "ojú kan, kí ẹ fi ọ̀kan kún èyí tó tẹ̀ lé e", ẹ ń tún gbólóhùn yẹn ṣe ní yíyípo kẹrin àti ìkarùn-ún. Ìyẹn á gbé yín láti 18 lọ sí 27, láti 27 lọ sí 40. 24 àti 30 ló yẹ kó jẹ́.

Nǹkan kan wà níbí tí mo fẹ́ràn gidigidi. Aṣọ tó ń ṣẹ́ bí ewé yẹn, onímọ̀ ìṣirò kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Daina Taimina ni orúkọ rẹ̀, ní Yunifásítì Cornell. Ní ọdún 1997 ló fi ìkọ́ kroṣé ṣe àwòṣe irú ojú kan tó ń fẹ̀ sí i tó sì ń ká bí etí ewé, tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní hyperbolic, èyí tí àwòṣe oníwèé rẹ̀ máa ń tètè fà ya. Ohun tó ṣe kò ju kó máa fi ojú kún un ní ìwọ̀n kan náà láìdáwọ́ dúró. Ní ọdún 2005, Margaret àti Christine Wertheim mú ọgbọ́n rẹ̀ lò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe odidi àpáta iyùn inú òkun pẹ̀lú kroṣé, torí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀dá inú òkun ṣe ń ṣẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó ni fìlà, ohun tí ẹ ṣe kì í ṣe ohun burúkú. Fìlà ni kì í ṣe. Ẹ tú u dé yíyípo kẹta.

* * *

Èsì 7

Lórí aṣọ ìdánwò kékeré, èyí tí a máa ń kọ́kọ́ ṣe láti ka iye ojú tó wà nínú ìwọ̀n kan, tí àwọn kan ní ì bá ti gba olùbéèrè wa là: rárá o, kò ní gbà á là. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ló le, ojú ló ń sọnù. Àti pé fún kúbùsù, èmi kì í ṣe aṣọ ìdánwò. Bí ó bá fi ìka mẹ́ta fẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, kò sí ọmọ tó máa kọ̀ ọ́.

Aṣọ wíwọ̀ ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀, mi ò sì ní gbà fún àwọn tó sọ pé aṣọ ìdánwò ń fi àkókò ṣòfò. Ká ní àwòṣe sọ pé ojú 16 ló yẹ kó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10, ó sì ní kí ẹ ṣe ojú 160 yí ara ká. Sẹ̀ǹtímítà 100 nìyẹn. Bí ọwọ́ yín bá le díẹ̀, tó jẹ́ 18 lẹ ń rí nínú 10, ojú 160 kan náà á di nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 89. Ojú méjì péré yẹn ti gba sẹ̀ǹtímítà 11 lọ́wọ́ yín. Aṣọ ọ̀hún ò ní wọ̀. Ẹ ṣe aṣọ ìdánwò yẹn tóbi díẹ̀, kí ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe máa fọ aṣọ gan-an, kí ó gbẹ, kí ẹ wá kà á láàárín, kì í ṣe létí.

* * *

Èsì 8

Ìmọ̀ràn tó wu ọ̀pọ̀ jù lónìí nìyí: "Sọ ọ́ di ìborùn onígun mẹ́ta." Ó ṣáà ti ń fún, kó máa fún lọ.

Mo ti gbé e yẹ̀ wò. Bí ó bá ń pàdánù ojú kan nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, ìlà bí 90 mìíràn ló kù kó tó dé ṣóńṣó. Dọ́bù sì ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Ohun tó máa jáde á gùn gbọọrọ, á tín-ín-rín, kò ní jọ ìborùn tí èèyàn lè fi bo èjìká. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kúbùsù ló wù ú láti ṣe.

Ibi tí mo ti gbà pé a lè bọ́ lọ́wọ́ títú ni kí a ṣe iṣẹ́ náà ní ẹyọ-ẹyọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìyàn mú ní Áílándì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1845, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń ta léèsì kroṣé láti fi rówó jẹun. Ẹyọ-ẹyọ ni wọ́n ń ṣe é: ẹnì kan ṣe òdòdó, ẹlòmíràn ṣe ewé, wọn á wá fi okùn bí àwọ̀n so wọ́n pọ̀. Òdòdó tó bá bàjẹ́, òun nìkan ló bàjẹ́. Onígun mẹ́rin kéékèèké, tí a ń ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan ká tó so wọ́n pọ̀ di kúbùsù, náà nìyẹn. Ẹni tí títú bá ń pa lára, kó fi ìyẹn ṣe kúbùsù rẹ̀ tó kàn.

* * *

Èsì 9

Olùbéèrè wa ní ìlà kẹta ṣì jẹ́ 120, ìkẹrin ti di 119. Ó sì ní òun máa tú u.

Mo mọ bó ṣe rí. Ẹ tún sọ pé àwọn tó ń pariwo "tú u" kọ́ ló ṣiṣẹ́ ọ̀hún, òótọ́ ni. Ohun tí mo lè sọ ni pé òwú yín kò lọ síbì kan. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ìlà 31 lẹ fẹ́ tú, ọwọ́ tó sì máa tún un ṣe ti yára ju èyí tó ṣe é nígbà àkọ́kọ́.

Kí ẹ tó fà á, ẹ fi píìnì há ojú tó kẹ́yìn ní ìlà kẹta, kó má baà jẹ́ pé ẹ ó fà á kọjá. Ẹ rọra fà á, kí ẹ máa ká a bọ́ọ̀lù bó ṣe ń bọ̀. Ẹ má fà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó tó di pé ẹ ká a, ibẹ̀ ló ti máa ń ta kókó. Bó bá dé ìlà kẹrin, ẹ dẹwọ́, kí ẹ máa tú u ní ojú kọ̀ọ̀kan.

Òwú náà á ká wúrúkú. Tó bá jẹ́ irun àgùntàn, ẹ ká a yí ẹ̀yìn àga, ẹ fi okùn so ó níbi mẹ́rin, ẹ rì í sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fún un díẹ̀díẹ̀ láìlọ́ ọ, ẹ sì fi í kọ́. Á nà padà. Tó bá jẹ́ akíríìlì, òwú tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, omi ò ní ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Ooru tó pọ̀ máa ń pa akíríìlì, á rọ jọwọlọ, kò sì ní padà sípò mọ́ láéláé. Ẹ lò ó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú wúrúkú rẹ̀, yóò nà díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń fọ kúbùsù yẹn.

Ẹni tó béèrè nípa òwú mọhéà, irun ewúrẹ́ onírun gígùn, tó lẹ̀ mọ́ra tí kò fẹ́ tú: ẹ wé e sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sínú fírísà fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ wá fi sùúrù tú u. Ó ń ràn mí lọ́wọ́. Kò sọ ọ́ di iṣẹ́ ìrọ̀rùn o.

* * *

Èsì 10

Olùbéèrè wa ti tú u dé ìlà kẹta. 120. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oríire.

Ó wá kù bí a ó ṣe lọ. Ẹ ṣe ṣéènì mẹ́ta. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ fi píìnì kékeré há ṣéènì kẹta, èyí tó wà lókè pátápátá. Ẹ yí iṣẹ́ padà. Ẹ fo ojú tó wà nídìí ṣéènì yẹn, torí ṣéènì ti dúró fún un. Dọ́bù yín àkọ́kọ́, inú ojú kejì ni.

Bí ẹ bá dé ìparí, tó dà bíi pé ojú ti tán, kò tíì tán. Ṣéènì tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ìlà kẹta wà níbẹ̀, ó tín-ín-rín, ó tẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ fi ọwọ́ òsì fà á jáde díẹ̀, ẹ ti ìkọ́ bọ ṣéènì kẹta rẹ̀ bí ẹ bá kà á láti ìsàlẹ̀, ẹ ṣe dọ́bù tó kẹ́yìn síbẹ̀. Láti ìlà karùn-ún lọ, píìnì á máa dúró dè yín níbẹ̀, ẹ ó kàn máa yọ ọ́, kí ẹ fi í há tuntun.

Ẹ ka ìlà kẹrin kí ẹ tó ṣe ṣéènì ti ìkarùn-ún, kí ẹ sì sọ iye tó jẹ́ fún wa.